Kọ̀ǹpútà Linux nínú ọkọ̀: ọ̀rọ̀ iná ló yẹ kí a kọ́kọ́ sọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọ̀dọ́ Àbújá tí wọ́n ń yọ rédíò inú ọkọ̀ tòkunbọ̀, tí wọ́n sì ń fi kọ̀ǹpútà kékeré tí ń lo Linux (sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí ń darí kọ̀ǹpútà) rọ́pò rẹ̀, inú mi sì dùn pé ìwé ìròyìn Yorùbá ló ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ibi tó yẹ kí òǹkọ̀wé yín ti bẹ̀rẹ̀ ló parí rẹ̀ sí. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò lè ra Raspberry Pi kan, ìyẹn irú kọ̀ǹpútà kékeré bẹ́ẹ̀, kí ó fi wáyà so ó mọ́ ihò tí a fi ń tan sìgá, kí ó sì máa gbádùn orin àti màpù lọ. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi tún ṣe ní Kúbwà, agbára káká ni mo fi ń rí èyí tí sọ́fítíwíà bàjẹ́. Iná ọkọ̀ ló ń pa wọ́n.

Fọ́ltì 12 ni bátìrì ọkọ̀ ń gbé jáde, fọ́ltì 5 sì ni Raspberry Pi ń fẹ́. Ìyẹn nìkan kì í ṣe wàhálà, nítorí ẹ̀rọ tí ń sọ 12 di 5 pọ̀ lọ́jà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná ọkọ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ẹ bá gbé mítà lé bátìrì tó dára kí ẹ tó sítáàtì ọkọ̀, yóò fi nǹkan bíi 12.6 hàn; bí sítátà bá ti ń fa ẹ́ńjìnnì, ó lè já wálẹ̀ sí 9, tàbí kí ó tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ bí bátìrì bá ti gbó; tí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbéra, ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tí ń fi iná kún bátìrì, yóò gbé e gòkè sí nǹkan bíi 14. Ìgbà tó bá já wálẹ̀ yẹn ni ojú kọ̀ǹpútà lè ṣókùnkùn, bí ìgbà tí wọ́n gba kálàmù lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ̀wé lọ́wọ́. Bí ó bá ń kọ nǹkan sórí káàdì ìrántí lásìkò náà, fáìlì inú káàdì lè dàrú débi pé ẹ̀rọ kò ní jí mọ́.

Wáyà mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn àwọn rédíò tí wọ́n ń tà lọ́jà. Yẹ́lò ń gba iná lára bátìrì tọ̀sán-tòru, pupa ń gba iná nígbà tí a bá yí kọ́kọ́rọ́, dúdú sì ń lọ sára irin ọkọ̀. (Ti rédíò ọjà ni mò ń sọ o; àwọ̀ wáyà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ lè yàtọ̀, mítà ni kí ẹ gbà gbọ́.) Ẹni tó bá so kọ̀ǹpútà mọ́ pupa nìkan yóò máa já iná mọ́ ọn lójijì nígbàkígbà tó bá pa ọkọ̀. Ẹni tó bá so ó mọ́ yẹ́lò nìkan yóò jí bá bátìrì tó ti kú: kọ̀ǹpútà tí ń jẹ wáàtì 3 yóò fa nǹkan bí ámpíà-wákàtí 6 (òṣùwọ̀n iná tí bátìrì ń fi pamọ́) lóòjọ́, bí onítọ̀hún bá sì gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lọ ṣe ìnáwó ní Ìbàdàn fún ọ̀sẹ̀ kan, 42 ti lọ nínú bátìrì tí gbogbo agbára rẹ̀ lè má ju 45 lọ. Bó ṣe yẹ kó rí ni pé kí yẹ́lò máa bọ́ ọ, kí pupa máa jẹ́ kó mọ̀ pé wọ́n ti pa ọkọ̀, kí Linux fúnra rẹ̀ wá palẹ̀ iṣẹ́ mọ́, kí ríléè tó ní àkókò, ìyẹn swíìṣì tí ń pa ara rẹ̀, sì gé iná náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan. Fíúùsì gbọ́dọ̀ wà lára yẹ́lò yẹn, nítòsí bátìrì, nítorí wáyà tó bó lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lè sun odindi ọkọ̀.

Ti ooru kò gba àlàyé púpọ̀. Bí inú Raspberry Pi bá ti gbóná dé ìwọ̀n Celsius 80 sí 85, yóò dẹ eré rẹ̀ sílẹ̀. Oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ní Àbújá, ká má tíì dárúkọ Máídúgùrì, kò sì mọ ojú. Abẹ́ àga ni kí ẹ gbé e sí, ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì máa gbá eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù rẹ̀.

Ó wúlò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fẹ́ kí wọ́n ṣe é dáadáa. Linux tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991 ni Toyota fúnra rẹ̀ fi sínú rédíò Camry ọdún 2018 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà. Màpù OpenStreetMap, màpù ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn jọ ń yà, ti gbogbo Nàìjíríà ṣeé gbé sínú káàdì, débi pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sá lọ lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, GPS yóò ṣì máa fi ibi tí ẹ wà hàn yín. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ihò ẹlẹ́nu 16 tó wà lábẹ́ sitiárín, tí wọ́n ń pè ní OBD-II, tí òfin Amẹ́ríkà ti sọ di dandan fún ọkọ̀ kéékèèké láti ọdún 1996. Kọ̀ǹpútà yóò ti ibẹ̀ ka bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bí iná check engine bá sì tàn, yóò ka kóòdù rẹ̀ fún yín kí ẹ tó san owó skáànì fún mẹkáníìkì. Kíkà nìkan ni kí ó máa kà ṣá. Bíréèkì àti éàbáàgì wà lára àwọn tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà inú ọkọ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ rán kọ̀ǹpútà àtọwọ́dá wa níṣẹ́ sí wọn.

Àwọn rewáyà wà ní Àpo tí wọ́n lè tọ́pa wáyà ọkọ̀ láìwo ìwé kankan, àwọn ọmọ tó mọ Linux sì wà káàkiri ìlú yìí, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í sábà pàdé àyàfi bí nǹkan bá ti jó. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ yín ni pé kí ẹ ya àwòrán wáyà mẹ́ta yìí, pẹ̀lú fíúùsì àti ríléè rẹ̀, sójú ewé kan, kí ẹ kọ orúkọ wọn sí i lára ní Yorùbá, kí ó sì tóbi tó èyí tí rewáyà lè gé lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, èmi yóò ya ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́.

Òǹkàwé yín,
Kúbwà, Àbújá.