Fídíò yìí wúwo jù fún wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko ni mí, orí fóònù ni mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Mi ò lè fi ibùdó wa sílẹ̀ lọ jókòó sí kíláàsì. Ta ni yóò gbẹ̀bí?

Ẹ̀kọ́ náà wúlò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ooru nìkan ló ń ba abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́: òmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n fídíò ni àwọn tó ń kọ́ wa ń fi ránṣẹ́ ṣáá! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ò gbé e. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, ohùn àti àkọsílẹ̀ ti tó. Kí olùkọ́ sì máa yà wò wá. Fóònù ò lè di ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ abẹ́rẹ́ gígún mú.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ ìlera kan