Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́ Nígbà Kónílé-Ó-Gbélé

Oṣù Kẹfà, ọdún 2020

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo ka ohun tí o kọ ránṣẹ́ lóru àná. O ní ayé ti bàjẹ́, pé àwọn èèyàn ń já tíṣù gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú ilé ìtajà, pé ògiri yàrá rẹ nìkan lo ń bá sọ̀rọ̀, àti pé ìròyìn ò ní nǹkan mìíràn tó ń sọ ju iye ẹni tó kú lọ. Mi ò ní sọ pé irọ́ lo pa. Àrùn kòrónà yìí ń pa èèyàn, ọ̀pọ̀ ni kò sì ráyè sin òkú ẹni wọn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n pé gbogbo ọmọ aráyé ti di ìkà, ìyẹn ni mi ò gbà.

Ká tiẹ̀ mú ọ̀rọ̀ tíṣù tó ń bí ọ nínú yìí. Lóòótọ́ ni àwọn kan rà á ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣùgbọ́n rò ó wò: àwọn tó máa ń lo ti ibi iṣẹ́ àti ti ilé ẹ̀kọ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ilé ni gbogbo wọn wà báyìí, ti ilé náà ni wọ́n sì ń lò. Bí kò bá tiẹ̀ sí olójúkòkòrò kankan láyé, yóò ṣì wọ́n lórí àtẹ. Ẹni tó ya fọ́tò àtẹ tó ṣófo kò ya ẹni tó mú ẹyọ kan péré, tó fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ ya ìyẹn?

Abúlé kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Eyam. Ní ọdún 1665, àjàkálẹ̀ àrùn tó ń jà ní Lọ́ńdọ̀nù dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ní inú ẹrù aṣọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí télọ̀ ibẹ̀ ló bá wọlé. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 1666, àlùfáà wọn, William Mompesson, àti Thomas Stanley tó ti ṣe àlùfáà níbẹ̀ rí, bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni ò ní jáde mọ́, kí àrùn náà má baà ràn dé àwọn abúlé tó yí wọn ká. Ó lé ní 250 èèyàn tó kú nínú wọn kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá.

Àwọn tó wà nínú ni gbogbo èèyàn máa ń yìn tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, ó sì tọ́ sí wọn. Ní tèmi, àwọn tó wà níta ni ọkàn mi máa ń lọ sí. Àwọn ará ìtòsí ń gbé oúnjẹ wá sí ìdí òkúta ààlà, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á pẹ̀yìn dà. Àwọn ará Eyam á wá kó o, wọ́n á sì fi owó rẹ̀ sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta náà, tí wọ́n bu ọtí kíkan sí, kí àrùn má baà bá owó náà lọ. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tó ń fa àrùn ọ̀hún gan-an. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, ó yẹ kó bà wọ́n, wọ́n sì tún ń gbé oúnjẹ wá. Àṣàkẹ́, wọn ò dúró kí ẹ̀rù tán. Ìwọ náà, má dúró kí ọkàn rẹ balẹ̀ kí o tó ṣe nǹkan fún ẹlòmíràn. Ìrètí tí o ń wá nínú fóònù títí ilẹ̀ fi ń mọ́, ìdí irú iṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo ti máa ń bá a.

Màmá àgbàlagbà tó ń dá gbé lókè rẹ ńkọ́? Má wulẹ̀ sọ fún wọn pé, “Tí ẹ bá nílò nǹkan, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ o.” Àgbà tó ti ń dá nǹkan ṣe fúnra rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í fẹ́ tọrọ. Sọ pé, “Mà, mò ń lọ ra nǹkan lọ́la, kí ni kí n bá yín mú bọ̀?” Ó kù kí wọ́n dárúkọ nǹkan náà. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ dáadáa kí o tó gbé e fún wọn: ọ̀rá ló bo kòkòrò àrùn kòrónà lára, ọṣẹ a sì máa tú ọ̀rá ká, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ lásán fi ń pa á. Gbé ẹrù náà sẹ́nu ọ̀nà, kan ilẹ̀kùn, bọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n má sá lọ. Wọ ìbòmú rẹ, dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí ẹ jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ohùn rẹ ni wọ́n ń retí ju ohun tó wà nínú báàgì lọ.

Bí ẹnìkan bá sì ní òun fẹ́ ṣe tìrẹ, jọ̀wọ́, gbà á. Mo mọ̀ ọ́. Bí ara rẹ bá ń gbóná bí iná, “mo wà dáadáa, Mà” ni yóò ṣì wà lẹ́nu rẹ.

Ilé kì í sì í ṣe ibi ìsinmi fún gbogbo èèyàn. Ní oṣù Kẹrin, António Guterres, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kìlọ̀ pé ìwà ipá inú ilé ń pọ̀ sí i nítorí kónílé-ó-gbélé yìí. Bí ọ̀rẹ́ rẹ kan bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù, tó sì ń yára gé e, má bínú sí i. Bi í ní ìbéèrè tó lè fi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” dáhùn, kí ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ má baà mọ ohun tí ẹ ń sọ. Bó bá sì ní òun wà nínú ewu, má dá a gbé; wá ẹni tó mọ̀ nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un.

Àwọn ará Ítálì kọrin láti ojú fèrèsé ní oṣù Kẹta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn oníṣẹ́ ìlera ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ títí di ìparí oṣù Kárùn-ún. Inú mi dùn sí i, mo sì tún ń rò ó pé nọ́ọ̀sì kì í fi àtẹ́wọ́ san owó ilé. Ẹni tó ń fọ ilé ìwòsàn, ẹni tó ń wa ọkọ̀, ẹni tó ń to ọjà sórí àtẹ, kò sí kónílé-ó-gbélé fún wọn. Bí ẹni tó ń gbé ọjà wá fún ọ bá pẹ́ dé, má pariwo mọ́ ọn.

Oore kì í gbé. Mo rí i nínú ìròyìn oṣù tó kọjá, inú ìròyìn kan náà tí o ní kò sí ire nínú rẹ̀. Ní 1847, ìyàn mú gan-an ní Ireland nítorí àrùn ba pòtétò wọn jẹ́ lóko. Àwọn Choctaw, ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbọ́. Ìjọba ti lé àwọn fúnra wọn kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn ní nǹkan bí ọdún 1831 sí 1833, ọ̀pọ̀ wọn ló sì kú sójú ọ̀nà. Síbẹ̀, wọ́n dáwó jọ, wọ́n fi 170 dọ́là ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn tí wọn ò rí rí. Lọ́dún yìí, kòrónà kọlu àwọn Navajo àti Hopi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà bákan náà. Ni owó bá bẹ̀rẹ̀ sí wọlé láti Ireland, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ránṣẹ́ sì ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé nítorí ohun tí àwọn Choctaw ṣe ni. Ọdún 173 lẹ́yìn náà! Kì í tiẹ̀ ṣe àwọn Choctaw gan-an ni wọ́n san án fún.

Ti ìgbà tí yóò parí tí o béèrè, mi ò ní purọ́ dá ọjọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Kí oṣù Kìíní tó dé ìdajì, Zhang Yongzhen, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà, àti Edward Holmes, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà ní Ọsirélíà, ti gbé àkọsílẹ̀ àbùdá kòkòrò àrùn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni lè lò ó. Nígbà tó di 16 oṣù Kẹta, wọ́n ti gún ẹni àkọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ìdánwò ní ìlú Seattle. Ara àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún ìdánwò yẹn le, kò sẹ́ni tó fi dandan mú wọn, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún wọn pé abẹ́rẹ́ náà yóò ṣiṣẹ́. Wọ́n na apá sílẹ̀. Bó bá tún ń ṣe ọ́ bíi pé tara ẹni ni kálukú ń ṣe, àwọn ni kí o rò.

Ìròyìn, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ti tó. Lọ sùn.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọ́n ní kí o pe àwọn lọ́jọ́ Àìkú, kí o kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi fídíò pe èèyàn lórí WhatsApp, nítorí wọ́n fẹ́ máa rí ẹ̀gbọ́n wọn fúnra wọn, wọn ò fẹ́ kí n máa bá wọn di fóònù mú mọ́. Fi sùúrù ṣe é o. Wọ́n á bi ọ́ ní ohun kan náà léraléra.

Èmi ni,
Ìyá rẹ