Màámi, wọ́n ti yọ àpò òróòro mi

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé Dáyọ̀ ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Dáyọ̀, jọ̀wọ́, má fo ìlà kankan, kódà bí Màámi bá figbe ta. Kà á parí kí o tó pè mí.

Màámi, ẹ jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ àpò òróòro inú mi. Ara mi ti yá, mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ pè tí mo ní iná ti tán lórí fóònù mi, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà. Ẹ má bínú. Ṣebí ẹ̀yin náà ṣubú ní balùwẹ̀, oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́. A ti ta ọ̀mì.

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí ìrora náà ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìhà ọ̀tún ni, ní ibi tó ti pàdé àyà. Òru ló máa ń wá, pàápàá bí mo bá jẹ ohun tó ní ọ̀rá lálẹ́. Kì í gún mi kó sì fi mí sílẹ̀ bí inú rírun lásán. Ńṣe ni yóò rọra máa ga, yóò dúró sókè níbẹ̀ fún wákàtí méjì, mẹ́ta, yóò wá gba ẹ̀yìn lọ sí abẹ́ èjìká ọ̀tún. Mo jókòó, kò gbà. Mo dìde, kò gbà. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ó ti lọ bí ẹni pé kò wá rí. Ohun tó fi ń tanni jẹ nìyẹn.

Dókítà tí mo kọ́kọ́ rí ní ọgbẹ́ inú ni. Oṣù mẹ́rin ni mo fi lo oògùn ọgbẹ́ inú, dókítà náà ò sì fọwọ́ kan ikùn mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mi ò fẹ́ bú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí. Ìgbà tí ibà dà pọ̀ mọ́ ọn, tí ilẹ̀ mọ́ tí ìrora ò lọ mọ́, ni mo gbé ara mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà obìnrin kan ti ìka bọ abẹ́ ìhà ọ̀tún mi, ó ní kí n mí sínú. Màámi, èémí náà há lójijì, mi ò lè mí i dé ìdajì. Ó mi orí, ó ní àmì tí òun ń wá gan-an nìyẹn.

Wọ́n gbé mi lọ ṣe scan. Wọ́n fi nǹkan tútù kan tó ń yọ̀ pa ikùn mi, wọ́n ń ti ẹ̀rọ lọ tì í bọ̀ lórí ẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, òróòro dúdú bí omi inú kànga. Àwọn òkúta wà nísàlẹ̀ ẹ̀, wọ́n funfun, òjìji dúdú sì wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀; bí mo ṣe yí, àwọn òkúta náà yí. Ojú mi ni mo fi rí i.

Ẹ rántí àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀ adìyẹ, tí ẹ máa ń kígbe pé n ò gbọdọ̀ bẹ́ ẹ? Irú ẹ̀ ló wà lára wa. Gígùn ẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 lọ. Èmi ti rò pé òun ló ń ṣe òróòro. Irọ́ ni. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ìdajì lítà sí lítà kan lóòjọ́. Àpò yìí kàn ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni, bíi mìlílítà 30 sí 50 lẹ́ẹ̀kan, á máa fa omi inú ẹ̀ kúrò títí yóò fi ki. Bí ọ̀rá bá ti dé inú ìfun kékeré, ìfun á tú họ́mónù kan sínú ẹ̀jẹ̀, àpò náà á fún ara ẹ̀, òróòro á ṣàn jáde. Ohun tí ọṣẹ ń ṣe fún abọ́ tó kún fún òróró lòun náà ń ṣe fún ọ̀rá: ó ń tú u ká wẹ́wẹ́, kí ara lè rí i gbà.

Ọ̀nà tó ń gbà lọ ló fa wàhálà tó pọ̀ jù. Páìpù kan ti apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀ wá, ọ̀kan ti apá òsì wá, wọ́n di ọ̀kan. Páìpù ti àpò òróòro já sí i. Gbogbo ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ bá páìpù tó ti inú pancreas wá, ẹ̀yà ara kan nítòsí ibẹ̀ tó ń ṣe omi tó ń bá wa da oúnjẹ, àwọn méjèèjì sì gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọ inú ìfun. Iṣan kan yí ẹnu ọ̀nà náà ká bí okùn ẹnu àpò. Ruggero Oddi, ọmọ Ítálì kan, ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1887 nígbà tó ṣì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Ilé méjì, ilẹ̀kùn kan. Bí òkúta bá há síbẹ̀, pancreas tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà lè wú, ìyẹn sì lè gbẹ̀mí èèyàn.

Ẹ óò béèrè ibi tí mo ti gbé òkúta mì. Mi ò gbé e mì o. Bí cholesterol, irú ọ̀rá kan, inú òróòro bá pọ̀ ju èyí tí òróòro lè yọ́, á dì, bí iyọ̀ tó pọ̀ ju omi lọ. Ó pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ. Oyún ń fà á, sísanra ń fà á. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé rírù lójijì náà ń fà á. Ẹ rántí kílò 18 tí mo fi ebi lé kúrò lára mi láàárín oṣù mẹ́ta, tí ẹ ní ojú mi ti jìn? Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ jàre.

Dáyọ̀, èyí kan ọmọ Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ní SS, àìsàn fòníkú-fòladìde, máa ń tètè fọ́, àwọ̀ tó ń pọ́n ojú tó ń tinú ẹ̀jẹ̀ yẹn jáde a sì máa pọ̀ jù nínú òróòro, á di òkúta dúdú, láti kékeré pàápàá. Bí ọmọ náà bá ní abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dun òun, ẹ má kàn ní kíráísì, ìrora SS, ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí a máa ń sọ, ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn lójú inú. Bí òkúta bá dí páìpù ńlá, òróòro á padà sínú ẹ̀jẹ̀: ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ìgbẹ́ á sì funfun bí amọ̀ nítorí kò rí òróòro gbà mọ́. Ara á máa yún èèyàn. Bí otútù àti ibà bá bá a wá, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe lọ́la. Bí ojú àgbàlagbà bá sì pọ́n tí nǹkan kan ò dùn ún, tó kàn ń rù, kí ó tètè lọ, torí jẹjẹrẹ lè wà níbẹ̀.

Ihò mẹ́rin péré ni wọ́n lu sí ikùn mi, èyí tó tóbi jù kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ wú ikùn mi kí kámẹ́rà lè ríran. Nígbà tí dókítà Langenbuch kọ́kọ́ yọ àpò òróòro fún èèyàn ní Berlin ní 1882, ńṣe ló la ikùn; Mühe, ọmọ Jámánì bíi tiẹ̀, ló kọ́kọ́ fi kámẹ́rà yọ ọ́ ní 1985. Nígbà tí mo jí, èjìká ló ń dùn mí ju ikùn lọ. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ yẹn ni, ọjọ́ méjì ló fi lọ. Wọ́n kó òkúta mi sínú ìgò kékeré fún mi, mọ́kànlá, ẹ̀gbẹ́ wọn tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí wọ́n ti ń ha ara wọn.

Ẹ má bẹ̀rù pé nǹkan kan ti dín lára mi. Ẹṣin ò ní in, ẹyẹlé ò ní in. Ẹ̀dọ̀ mi ṣì ń ṣe òróòro, ó kàn ń kán lọ tààrà sínú ìfun. Ìgbẹ́ mi rọ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ti dáwọ́ dúró.

Ó wá kan yín báyìí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú yín tún dìde, òru ni, apá ọ̀tún ni, ó sì ń gba ẹ̀yìn lọ. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù lọ́dún tó kọjá, mi ò fura. Dáyọ̀ máa mú yín lọ ṣe scan lọ́jọ́ Tuesday. Ẹ má jẹ nǹkan kan fún wákàtí mẹ́fà ṣáájú, torí bí ẹ bá jẹun, àpò náà á ti fún òróòro ẹ̀ jáde, wọn ò ní rí inú ẹ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá rí òkúta, ìyẹn nìkan ò sọ pé abẹ dé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní in tí kò dà wọ́n láàmú rí títí ayé wọn. Ìrora yín ni kí ẹ ṣàlàyé fún dókítà kúnnákúnná. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ pa fídíò tó ní kí èèyàn mu òróró àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ kí òkúta lè jáde yẹn rẹ́. Nǹkan roboto tí wọ́n ń rí nínú ìgbẹ́, òróró tí wọ́n mu ló dì di ọṣẹ.

Mo máa pè lálẹ́ Tuesday. Dáyọ̀, ya àwòrán èsì ẹ̀ fi ránṣẹ́ kí n tó pè.

Ọmọ yín,
Àjọkẹ́

Ẹ má ní kí n da àwọn òkúta náà nù o. Orí tábìlì mi ni wọ́n wà.