Ẹyin Kọ́ Ló Ṣẹ̀, Epo Ni Kẹ́ Ẹ Bá Wí

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé sójú ewé ìlera lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tẹ́ ẹ ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ dín ọ̀rá jíjẹ kù jáwọ́ nínú omlẹ́ẹ̀tì pátápátá, ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn mọ́ mi nínú rárá torí pé èmi ni mò ń dáná fún bàbá mi tí wọ́n ní kó ṣọ́ra fún ọ̀rá, àgbàlagbà tí eyín ò fi bẹ́ẹ̀ sí lẹ́nu ẹ̀ mọ́, tá a bá tún wá gba ẹyin lọ́wọ́ ẹ̀, kí la fẹ́ kó máa jẹ?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ẹyin adìẹ ńlá kan, ọ̀rá inú ẹ̀ ò ju bíi gíráàmù 5 lọ, inú pupa ẹ̀ sì ni gbogbo ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà, ti funfun ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo, bíi gíráàmù 14 ni, ọ̀rá pọ́ńbélé. Ẹ wá lọ dúró níwájú kaféteríà l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí láàárọ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń da epo, wọn ò tiẹ̀ wọ̀n ọ́n, tó bá jinná tán wọ́n á tún kì í sínú búrẹ́dì tí wọ́n ti fi mayonéèsì pa, bẹ́ẹ̀ mayonéèsì náà rèé, epo ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ṣíbí epo mẹ́ta ti lé ní gíráàmù 40, ọ̀rá inú ẹyin mẹ́ta ò sì ju bíi 15 lọ. Èwo ló wá yẹ ká bá wí nínú méjèèjì? Àwọn kan á ní epo ẹ̀pà làwọn ń lò. Òótọ́ ni, irú ọ̀rá tó wà nínú epo ẹ̀pà sàn fún ọkàn ju ti epo pupa lọ, àmọ́ tó bá di ká ka gíráàmù, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Báyìí lèmi ṣe ń ṣe tiwa. Fún ẹnì kan, odidi ẹyin kan, kí n fi funfun ẹyin méjì sí i (pupa méjì tó kù, ẹ má dà á nù, àwọn ọmọ tó ń dàgbà nínú ilé á jẹ ẹ́), omi ṣíbí kan, iyọ̀ bíńtín, ata gígún, kí n wá pò ó títí á fi hó. Omi yẹn ṣe pàtàkì o, oru ẹ̀ ló ń mú kí ẹyin wú. Ẹ jẹ́ kí páànù gbóná dáadáa, ẹ kán epo ṣíbí tíì kan péré sí i, ẹ ge àlùbọ́sà sí méjì kẹ́ ẹ fi ojú ibi tẹ́ ẹ ti gé e ra epo náà káàkiri, ó tó. Ẹ dín iná èédú kù, ẹ da ẹyin sí i, ẹ dé e pa. Dídé yẹn lọ̀gá gbogbo ẹ̀, torí ooru ló máa se òkè ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tún ń yí i nínú epo. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tẹ́ ẹ rí i pé etí ẹ̀ ti ń gbéra lára páànù, tí àárín ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n díẹ̀, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ kó nǹkan inú ẹ̀ lé apá kan, kẹ́ ẹ ká apá kejì bò ó, kẹ́ ẹ tún dé e títí á fi jinná.

Nǹkan inú ẹ̀ yẹn gan-an ni adùn wà. Ẹ̀fọ́ gbọma tàbí tẹ̀tẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ fún un gbẹ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi ẹ̀ á ba ẹyin jẹ́. Tòmátì, ẹ má kó o sí i ní tútù, ẹ kọ́kọ́ fi òun àti àlùbọ́sà sórí iná láìsí epo títí omi ẹ̀ á fi gbẹ, ẹ wá ya ẹja yíyan tàbí ede mọ́ ọn. Ẹja àti ede náà ti ní iyọ̀ tiwọn, torí náà ẹni tẹ́jẹ̀ ẹ̀ ń ru ò nílò kúùbù síbẹ̀ mọ́. Ẹfínrín ewé méjì mẹ́ta ló kẹ́yìn. Wàgàṣì (wàrà dídì àwọn Fúlàní) náà dáa, kì í yọ́ nínú iná bíi fòmáàjì òyìnbó, torí náà ẹ gé e wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n wàrà tí wọn ò yọ ọ̀rá ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹ fọwọ́ díẹ̀ mú un. Ẹ̀wà sísè tó ṣẹ́ kù lálẹ́ àná ńkọ́? Ó ń yó èèyàn dọ̀sán. Ẹni tí dókítà bá ti ka iye ẹyin fún, kó tẹ̀ lé ti dókítà o.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa oúnjẹ díndín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ iye ṣíbí epo síbẹ̀, torí "epo tó bá tó" lẹ kọ sí gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti ń gbé jáde, kò sì sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ìyẹn. Kẹ́ ẹ sì sọ fáwọn èèyàn pé wọ́n lè ní kí oníkaféteríà fi epo díẹ̀ ṣe tiwọn kó má sì fi mayonéèsì sí i, èmi máa ń sọ fún wọn, wọ́n sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún mi.

Èmi òǹkàwé yín,
láti Àjàṣẹ́