Ẹ fún àwọn ọmọ inú ẹ̀wọ̀n ní ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni inú ti ń bí mi, mo sì ní kí ọmọ mi obìnrin jókòó kí ó bá mi kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Mò ń sẹ́ ògì lọ́wọ́ ní ẹ̀yìnkùlé mi, rédíò wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nígbà tí olóòtú ètò àárọ̀ bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùgbọ́ bóyá ó yẹ kí wọ́n máa fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní tíì tàbí kọfí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti dá awuyewuye sílẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà, pé ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Joe Arpaio, tó jẹ́ ṣẹ́rífù nígbà náà, ìyẹn ọ̀gá agbófinró tó ń ṣàkóso àtìmọ́lé, ní Maricopa ní ìpínlẹ̀ Arizona, yọ kọfí kúrò nínú oúnjẹ àwọn tó wà ní àtìmọ́lé rẹ̀, ó sì máa ń yangàn pé owó tí òun fi ń bọ́ ajá ju èyí tí òun fi ń bọ́ ẹlẹ́wọ̀n lọ. Ẹni mẹ́sàn-án ló pè sórí ètò náà. Mo kà wọ́n. Mẹ́jọ nínú wọn ló yin ọkùnrin yẹn. Èyí ní olè ni wọ́n, kí wọ́n máa mu omi tútù. Èyí ní ta ní ń fún òun ní tíì nílé òun. Ìyá kan, ohùn rẹ̀ tó ẹni tó ti bímọ mẹ́ta mẹ́rin, ní ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ló yẹ kí wọ́n máa jẹun. Ara mi bù máṣọ. Mo gbé asẹ́ kalẹ̀.

Ẹni kẹsàn-án, lọ́yà ni, ó ní kí wọ́n parí ìtàn Arpaio. Ó ní ní 2008, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan níbẹ̀, Neil Wake, sọ pé oúnjẹ tí ọkùnrin náà ń fún àwọn tí ilé ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́bi kò bá òfin mu, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa fún wọn ní oúnjẹ tó péye. Ó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ lọ, owó kádì rẹ̀ tán. Olóòtú ètò sì bọ́ sórí orin.

Ohun tí lọ́yà yẹn ò rí sọ parí, òun ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tí ilé ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́bi! Àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n orílẹ̀-èdè yìí lé ní 70,000. Bí ẹ bá to ẹni mẹ́ta síwájú mi nínú wọn, nǹkan bíi méjì ni kò tíì gbọ́ ìdájọ́ kankan. Wọn kò tíì jẹ̀bi. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ ní abala 36 pé aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ pé ó jẹ̀bi. Ta wá ni ẹ ń pè ní olè láti orí fóònù?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mo tọ́ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, lo oṣù 14 nínú ẹ̀wọ̀n. Ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti mú un lálẹ́ Sátidé, òun àti àwọn mẹ́fà mìíràn. Wọ́n ní fóònù kan sọnù ládùúgbò. Adájọ́ májísíréètì fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n ó ní onídùúró méjì ni kí a mú wá, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní ilé tirẹ̀ nígboro. Níbo lèmi ológì ti fẹ́ rí òṣìṣẹ́ ìjọba tó nílé tí yóò fi ìwé ilé rẹ̀ dúró fún ọmọ mi? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e lọ. Lónìí ọlọ́pàá tó ń rojọ́ ò wá. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní mọ́tò tó ń kó wọn wá sí kóòtù ò ní epo. Nígbà tó yá, wọ́n gbé adájọ́ náà lọ sí ibòmíràn, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Abala 35 nínú ìwé òfin yẹn kan náà sọ pé bí oṣù méjì bá kọjá lórí ẹni tó wà látìmọ́lé láìgbẹ́jọ́ rẹ̀, kí wọ́n tú u sílẹ̀ ná. Oṣù 14 ni tiwa. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fagi lé ẹjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá.

Oṣù kejì tí ó ti wà níbẹ̀ ni mo lọ wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oyé. Mo ti jí ní aago mẹ́rin, mo ro ẹ̀kọ gbígbóná, mo dà á sínú fúláàsì, mo di àkàrà mẹ́fà mọ́ ọn. Ní ẹnu géètì, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú wọn. Mo tọ́ ọ wò, ìyẹn ò bí mi nínú, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ní fúláàsì ò lè wọlé, pé dígí wà nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wá ike. Mo rí ike kan yá lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta omi níta, mo da ẹ̀kọ sí i. Wọ́n ní kí n lọ jókòó. Mo jókòó lórí páńkò, mo gbé ike náà lé ẹsẹ̀, mo fi ìborùn mi wé e kí ó má baà tutù. Aago mẹ́jọ kọjá. Aago mẹ́sàn-án kọjá. Àwọn tó fún wọn ní nǹkan lábẹ́lẹ̀ ń wọlé, èmi ò sì ní nǹkan lọ́wọ́ ju owó mọ́tò tí n óò fi padà lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, mo ṣí ike wò: ẹ̀kọ gbígbóná mi ti dì gbagidi, ó ti di ẹ̀kọ tútù tí a ń já ewé lára rẹ̀. Mo fi ṣíbí gé e fún ọmọ mi. Ó jẹ ẹ́. Ó ní, “Màámi, láti ọjọ́ tí mo ti dé ibí, nǹkan gbígbóná ò tíì kan ẹnu mi láàárọ̀.” Ó ní omi inú kẹ́ẹ̀gì ni àwọn fi ń ṣínu, kí ẹ̀wà tó dé lọ́sàn-án gangan, tí ó sì ti tutù.

Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá lẹ́bi ni mò ń sọ o.

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ owó díẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn aṣòfin àgbà gbọ́ ọ l'Ábújá pé ₦750 ni owó oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kan lójúmọ́, nígbà tí ti ajá ẹ̀ṣọ́ jẹ́ ₦800. Ó dà bí ẹni pé Arpaio ti kó wá sílé wa. Ní 2024, wọ́n fi kún un, ó di ₦1,125. Ó dáa, mo gbà. Pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, ₦375 ni oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ṣé ₦375 yẹn ló ń dé inú abọ́? Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń tọwọ́ bọ̀wé lórí owó oúnjẹ yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń gba kọntírákítì rẹ̀, ẹ wá jẹ ẹ́ níṣojú wa ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ wá bu ọbẹ̀ tí èèyàn lè rí ìsàlẹ̀ abọ́ nínú rẹ̀. Ẹ ti sọ orúkọ ilé ẹ̀wọ̀n di ilé àtúnṣe láti 2019, a gbọ́. Abọ́ ọbẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò tún un ṣe?

Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba máa ra kọfí. Kọfí tí wọ́n ń gbìn lókè Mambilla dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí àwa ń mu láàárọ̀ nílé wa. Ẹ̀kọ ni mò ń wí. Iṣẹ́ mi ni, ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe é, mo sì ti jókòó ṣírò rẹ̀.

Kóńgò àgbàdo kan, bí a bá rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí a lọ̀ ọ́ kúnná, tí a fi asẹ́ aláṣọ sẹ́ ẹ, ó ń fún èèyàn 15 ní ife ẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan tó ki dáadáa. Bí ọgbà kan bá ní èèyàn 300, kóńgò ogún ló máa gbà lójúmọ́. Àpò kan á lo ọjọ́ mẹ́ta. Kí wọ́n lọ ẹ̀wà sóyà díẹ̀ mọ́ ọn, nítorí ẹ̀kọ lásán ò gbé ara ró tó, sóyà ló máa fún un lágbára. Ṣúgà díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n ní oko tiwọn káàkiri, níbi tí àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ń ṣiṣẹ́. Àgbàdo ò ṣòro fún wọn. Èèrí rẹ̀ kò ní ṣòfò, ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ oko yẹn á jẹ ẹ́. Àwọn obìnrin tó wà nínú ọgbà, tí wọ́n jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ láìríṣẹ́ ṣe, ẹ kọ́ wọn ní ògì sísẹ́, kí ẹ sì san owó fún wọn. Èyí tó bá bọ́ síta nínú wọn á ti ríṣẹ́ tí yóò máa jẹ. Ògì tí a bá sì ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í tètè bàjẹ́, kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti ní kò sí fíríìjì. Igi tí wọ́n fi ń dáná ẹ̀wà náà ni wọ́n á fi se omi gbígbóná. Ẹni mẹ́ta péré ló máa rò ó tán kí ilẹ̀ tó mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní omi gbígbóná léwu, pé wọ́n lè dà á sí ara wọn lára. Ẹ fi ike bù ú, ẹ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀ kí ẹ tó pín in, yóò ṣì gbóná débi tí ikùn á fi mọ̀ pé òun jẹun. Ẹ̀yin náà ń se ẹ̀wà fún wọn, iná kan náà ni.

Kí wọ́n sì kọ iye kóńgò tí wọ́n sè sára pátákó lẹ́nu géètì láràárọ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wá wo ọmọ rẹ̀ lè kà á.

Àwọn ìpínlẹ̀ náà ti lágbára lábẹ́ òfin láti 2023 láti ní ilé ẹ̀wọ̀n tiwọn, ìjọba ilẹ̀ Yorùbá lè fi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn adájọ́ àgbà túbọ̀ máa wọ inú ọgbà láti tú àwọn tí wọ́n ti gbàgbé síbẹ̀ sílẹ̀. Kí wọ́n ra epo sínú mọ́tò kóòtù, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àwa tó wà níta ò rí tíì mu, mo gbọ́ yín, òótọ́ ni pé ìyà ń jẹ wá. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa mí níta, mo lè gbé igbá ògì lé orí kí n kiri. Mo lè tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò mi. Ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé kò lè kiri, kò lè tọrọ, ọwọ́ ẹni tó tì í mọ́lé ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Ẹni tó bá sì ti ọmọ ọlọ́mọ mọ́lé láìtíì dá a lẹ́bi, gbèsè ló jẹ ẹ́. Oṣù 14 ni ọmọ mi fi omi kẹ́ẹ̀gì ṣínu, kò jalè, kò jẹ̀bi, wọ́n sì ní kí ó máa lọ sílé. Títí di òní, bí mo bá bu ẹ̀kọ fún un, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì di ife náà mú, á gbé e sún mọ́ àyà fún ìgbà díẹ̀ kó tó mu ún.

Olóòtú, bí ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n kan bá ka ìwé yìí tó fẹ́ dán an wò, àgbàdo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo ti bá àwọn ológì ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́rin sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbà. A ní ìkòkò, a ní asẹ́, aago mẹ́rin ìdájí kò jẹ́ nǹkan kan lójú wa. Kí wọ́n kàn ṣí géètì fún wa.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ológì,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.