Ẹ tú ẹ́ńjìnnì wò kí ẹ tó ra òmíràn

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù ni mí, ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ti sú mi. Kí ọkọ̀ ṣáà ti rú èéfín funfun, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn, láìtíì tú èyí tó wà nílẹ̀.

Èéfín funfun yẹn, tàbí omi tó wọ inú ọ́ìlì, lè jẹ́ ti gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì nìkan, ìyẹn ohun tó ń dí àlàfo láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù ńlá, láínà, ìyẹn irin tó tẹ́ inú síliǹdà, ṣeé yọ, a sì lè pààrọ̀ òun, písítìnì tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀ àti àwọn rìǹgì tó yí písítìnì ká. Nígbà mìíràn, ẹ́ńjìnnì ò ní kúrò lórí ọkọ̀ rárá. Kíráǹkì, ìyẹn ọ̀pá tí àwọn písítìnì ń yí, tí ara rẹ̀ bá ti ha, tí kò tíì jẹ kọjá ìwọ̀n, wọ́n á fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, wọ́n á fi bẹ́ríǹgì tó nípọn díẹ̀ sí i.

Àmọ́ tí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì gan-an, bá ti là, tàbí tí ọ̀pá písítìnì ti lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n wọn agbára ìfúnpọ̀ síliǹdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, lójú yín (gbogbo ẹni tó ń tà á ló ń sọ pé tòun mọ́).

Èyíkéyìí tí ẹ bá ṣe, ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Rédíétọ̀ tó dí yóò se ẹ́ńjìnnì tuntun náà.

Èmi ni,
Mẹkáníìkì ọkọ̀ akẹ́rù