Kí Oòrùn Má Wọ̀ Bá Owó Alágbàṣe

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù yìí náà. Mẹ́sééjì tí mo kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí kọ́ lẹ fẹ́ kà yìí o. Ti ìdúpẹ́ ni mo kọ, mo ti kọ ọ́ tán láti Mọ́ńdè, ó dẹ̀ dùn, àmọ́ láàárín Túsìdé sí Tọ́sìdé àwọn ọ̀rọ̀ kan wọ etí mi, nípa owó iṣẹ́ ẹnì kan tí ẹlòmíì nínú ìjọ wa níbí ní Amẹ́ríkà gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, mi ò rí oorun sùn, mo wá rí i pé tí mo bá gbé ìdúpẹ́ yẹn síwájú yín báyìí, Ọlọ́run á bi mí pé ta ni mò ń tàn. Mo pa á tì. A ó dúpẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má dẹ̀ pè mí lórí fóònù pé "Pásítọ̀, ṣé èmi lẹ ń bá wí?" Ẹni tó bá ń bèèrè ti mọ̀.

Ẹ bá mi ṣí Deutarónómì orí 24, ẹsẹ 14 àti 15. Ọlọ́run ní a ò gbọdọ̀ ni alágbàṣe lára, ẹni tó jẹ́ tálákà àti aláìní, "ìbáà ṣe nínú àwọn arákùnrin rẹ, tàbí nínú àwọn àlejò rẹ tí ń bẹ ní ilẹ̀ rẹ nínú ibodè rẹ." Ó ní ká san owó ẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà gan-an, kí oòrùn má wọ̀ bá a, torí pé tálákà ni, ó dẹ̀ ti gbẹ́kẹ̀ lé e, kó má lọ ké pe Olúwa lé wa lórí. Ẹsẹ méjì péré. Mo ti wàásù níbẹ̀ rí, mo sáré kọjá bí ẹni tó ń lé bọ́ọ̀sì, lọ́sẹ̀ yìí ni mo tó jókòó tì í.

Ẹ wo ibodè yẹn ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé mọ̀ pé láyé àtijọ́ ìlú ò kàn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Odi wà, ibodè wà, oníbodè jókòó síbẹ̀ tó ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò kó tó jẹ́ kó kọjá. Bíbélì ò dẹ̀ sọ pé ká wó ibodè dànù, torí náà ẹni tó bá ní kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀ ò ṣẹ Ọlọ́run, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ní ìkà nínú ìjọ yìí. Mi ò dẹ̀ ní dúró lórí pẹpẹ kí n sọ fún ọmọ yín pé kó wọ̀lú lọ́nà ẹ̀yìn. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ẹsẹ yìí ò dúró lẹ́nu ibodè. Èèyàn náà ti wọlé ná, ó ti wà nínú. Bó ṣe wọlé, wọn ò bèèrè níbí. Ó ti ṣiṣẹ́, ó ti làágùn, ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run ń bèèrè ni pé owó ẹ̀ dà?

Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn, àwa la ń dà á pọ̀. Tí wọ́n bá ní owó lágbájá dà, a ó ní ṣé ó tiẹ̀ ní pépà, ìwé ìgbélùú, ni?

Ẹ wá wo "arákùnrin tàbí àlejò." Kí ló dé tí Ọlọ́run fi so àwọn méjèèjì pọ̀ sínú gbólóhùn kan? Ó lè fún ọmọ onílẹ̀ lófin tirẹ̀, kó wá fi ti àlejò sí orí mìíràn. Àbí kì í ṣe torí pé ó mọ̀ wá ni? Tí wọ́n bá rí ẹni kan nínú ọgbà tí wọ́n lè sanwó ìdajì fún, ẹni tí ò lè lọ sọ fún ẹnikẹ́ni, kò ní pẹ́ tí ọ̀gá á fi sọ fún ọmọ onílẹ̀ pé tóò, ìwọ náà lè máa lọ, ẹni tó máa ṣe é lówó kékeré wà níta. Àwọn àgbà ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Níbí, ìyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ nà, ìyálé dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń pàtẹ́wọ́.

Mo máa ń gbọ́ yín o, lẹ́yìn ìsìn, nínú họ́ọ̀lù, tí ẹ bá rò pé mò ń ka owó ọrẹ. "Àwọn tí ò ní pépà yìí ló ń ba ọjà jẹ́ fún wa." Ìyá kan tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn sọ fún mi pé ibi tí òun ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin, wọ́n gba ẹlòmíì tó gbà láti máa sùn síbẹ̀ ọjọ́ méje lọ́sẹ̀, owó ọwọ́ ni wọ́n ń san fún un, bí òun ṣe pàdánù iṣẹ́ nìyẹn. Mi ò ní sọ fún ìyá yẹn pé irọ́ ló ń pa. Ó dùn ún, ó yẹ kó dùn ún.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Lọ́dún 1980, àwọn ará Cuba bíi 125,000 já sí Florida láàárín oṣù díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn dúró sí Miami. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, David Card, wo owó iṣẹ́ àwọn ará ìlú yẹn, ó kọ ọ́ lọ́dún 1990 pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá. George Borjas padà wá wo ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní ti àwọn ọkùnrin tí ò parí ilé ìwé girama já wálẹ̀ gan-an. Wọ́n ṣì ń bá a fà á títí di òní. Lọ́dún 2016, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé orílẹ̀-èdè yìí, National Academies, kó gbogbo irú ìwádìí yìí jọ, wọ́n ní tí ọdún bá gùn díẹ̀, nǹkan tí àlejò ń mú kúrò nínú owó iṣẹ́ àwọn ará ìlú lápapọ̀ kéré púpọ̀, àti pé tí ẹnì kan bá máa ru ẹrù ẹ̀, àlejò tó dé ṣáájú ló máa ń wà níwájú, àti ẹni tí ò parí ilé ìwé. Ẹ gbọ́ o. Àlejò tó dé ṣáájú. Àwa nìyẹn! Ìdí tó fi ń dun ìyá yẹn nìyẹn, ìdí tó dẹ̀ fi yẹ kí ojú tiwa ṣọ́ra jù nìyẹn, torí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ kì í pẹ́ tẹ ẹlòmíì mọ́lẹ̀.

Lílé tí wọ́n bá dẹ̀ lé àwọn àlejò, ṣé owó wa á lọ sókè ni? Láti 1942 ni wọ́n ti ń kó àwọn ará Mexico wá sóko nílẹ̀ yìí lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Bracero, pẹ̀lú ìwé o, wọ́n fòpin sí i lọ́dún 1964 pé kí ará ilé lè rí owó gidi gbà. Àwọn tó wádìí ẹ̀ lẹ́yìn náà ò rí i pé owó lébìrà oko tìtorí ẹ̀ lọ sókè. Ẹ̀rọ làwọn olóko rà, ẹ̀rọ tó ń kórè tòmátì.

Òfin náà wà ńlẹ̀. Òfin owó iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1938 ò yọ ẹni tí ò ní pépà sílẹ̀, iṣẹ́ tó bá ti ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ sanwó ẹ̀, àwọn Wage and Hour lábẹ́ Department of Labor ló ń mójú tó o. Lọ́dún 1986 nígbà Ààrẹ Reagan ni wọ́n ṣòfin pé ọ̀gá ò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹni tí ò ní ìwé síṣẹ́, ibẹ̀ ni fọ́ọ̀mù I-9 tí gbogbo wa ń kọ tí wọ́n bá gbà wá síṣẹ́ ti wá, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ọ̀nà tí àwọn bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ ó lé fi gba ìwé. Àmọ́ lọ́dún 2002 kóòtù tó ga jù ní tí ọ̀gá bá lé ẹni tí ò ní ìwé nítorí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kò lè gba owó àsìkò tó fi jókòó sílé. Ẹ ti rí i, ẹni tó rọrùn jù láti lé ni ẹni tó máa dákẹ́ jù. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni wọ́n ń rà. Wọ́n ń rà á lówó pọ́ọ́kú, ìwọ tí o ní ìwé wá ń binú sí ẹni tí wọ́n ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀, o fi ẹni tó rà á sílẹ̀.

Ní àárọ̀ tí mo bá ń bọ̀ ní àdúrà aago mẹ́fà, mo máa ń rí àwọn tó máa ń dúró de iṣẹ́ síbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù pákó àti síméńtì yẹn. Ọkọ̀ á dúró, ẹni tó wà nínú ẹ̀ á yọ ìka méjì jáde lójú fèrèsé, kò ní sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́wàá á sáré, méjì á wọlé, mẹ́jọ á padà lọ dúró. Wọ́n mú oúnjẹ ọ̀sán wọn dání nínú ọ̀rá. Owó ọjọ́ yẹn ti ní ibi tó ń lọ kó tó dọ́wọ́ wọn. "Ó dẹ̀ ti gbẹ́kẹ̀ lé e." Tí ẹni tó gbé wọn bá já wọn sílẹ̀ lálẹ́, tó ní ẹ padà wá lọ́la, ta ni wọ́n fẹ́ pè? Bíbélì ti dáhùn. Wọn ò ní pe ọlọ́pàá, wọ́n á pe Ọlọ́run.

Ó yẹ kí n sọ èyí tó kàn mí. Bàbá mi wà lára àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Kumasi, ní Ghana. Ní November 1969 ìjọba Busia, tó ń ṣàkóso Ghana nígbà yẹn, ní kí gbogbo àlejò tí ò ní ìwé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá mi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, fi gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́ sílẹ̀, ó padà wálé pẹ̀lú ẹrù orí. A gbọ́ ìtàn yẹn títí etí wa fi kún. Nígbà tó di January 1983, Shagari ní kí àwọn àlejò tí ò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni, ẹ mọ báàgì tí orúkọ ẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Bíríkìlà ará Ghana kan ló ń mọ yàrá méjì fún wa lẹ́yìnkùlé nígbà yẹn. Ó ti mọ ọ́n dé òkè fèrèsé. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ló fi wá gba owó ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi wà ní yàrá, ó ní kí n lọ sọ fún un pé òun ò sí nílé. Èmi ni mo jíṣẹ́ náà. Ọkùnrin yẹn wo sálúbàtà bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí, ó ní kí n bá òun kí wọn, ó lọ. Títí bàbá mi fi kú, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Kumasi, ìyá mi á kàn gbójú sókè wò ó, kò ní sọ nǹkan kan.

Torí náà ẹ má ní mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwọ tí o jẹ́ pé pépà rẹ ni ẹlòmíì fi ń ṣiṣẹ́, kọ́kọ́ gbọ́ pé òfin ò fara mọ́ ọn, ó lè ba ayé ẹ̀yin méjèèjì jẹ́, ẹ jáwọ́, mi ò ní fi Bíbélì bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àmọ́ owó tó ti wọ àkáǹtì rẹ láti inú òógùn ẹlòmíì, tìrẹ kọ́! Kì í ṣe ìdá mẹ́ta ẹ̀, kì í ṣe "owó orúkọ mi." Oòrùn mélòó ló ti wọ̀ lórí ẹ̀? Nígbà tó dẹ̀ wá bèèrè, o gbé fóònù sókè, o ní o máa pe àwọn tó ń lé àlejò kúrò nílùú fún un. Fóònù di pàṣán lọ́wọ́ ọmọ Ọlọ́run! Ẹnu tó ń sọ fún mi pé "àdúrà ló gbé mi débí" ló ń sọ ìyẹn. Ìwọ náà tí o gbọ́ tí o rẹ́rìn-ín, tí o ní ó tó bẹ́ẹ̀, ìwọ náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún 2024 tí àwọn Gallup, tó máa ń wádìí èrò aráàlú, bi àwọn ará Amẹ́ríkà, 55 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí wọ́n dín àlejò tó ń wọlé kù, ọdún kan péré lẹ́yìn ẹ̀ ó já sí 30. Ọkàn èèyàn ń yí. Ṣé ìjọ Ọlọ́run náà á máa bá a yí ni?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, mi ò mọ èyí tí inú ń run lórí àga yín lọ́jọ́ ìsinmi, mi ò dẹ̀ ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé. Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Mo mọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́ iṣẹ́ ọ̀sán tí wọ́n ṣì ń wá fọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá tó pàdánù iṣẹ́ yẹn, a ti ń bá yín wá òmíràn, ẹ má jókòó sílé sunkún nìkan. Ẹni tí wọ́n ṣe é sí, àwọn ìyá ìjọ ti mọ ilé ẹ, wọ́n ń bọ̀, jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹni tó ṣe é, ibi tí o máa ń jókòó sí ṣì wà ńbẹ̀, tí mi ò bá rí ọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo máa wá ọ wálé. Ọ́fíìsì mi máa ṣí ní Túsìdé láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ojú bá ń tì lè ti ẹ́ńfílọ́ọ̀pù gba abẹ́ ilẹ̀kùn, kó kọ orúkọ ẹni tó ni owó sí i lára, kò pọn dandan kó kọ tiẹ̀.

Ìfilọ̀, àyè ò tó mọ́: Ẹ̀kọ́ Bíbélì Wẹ́sìdé aago méje, orí fóònù ni o, kì í ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́yà kan máa wà pẹ̀lú wa ní Sátidé aago mẹ́wàá lórí ọ̀rọ̀ ìwé àti owó iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kó gbogbo létà yín wá, kódà èyí tẹ́ ẹ ò tíì ṣí. Ẹgbẹ́ akọrin, ìdánrawò ti di Fúráìdé. Ẹ má páàkì síwájú ilé aládùúgbò wa mọ́, ó ti bínú lẹ́ẹ̀mejì. Kúlà aláwọ̀ búlúù kan wà ní kíṣìnì láti ìgbà ìkórè, kí ẹni tó ni ín wá gbé e.